Ọmọ tí kò tètè jókòó: ẹ̀kọ́ tí ìwádìí Ùgáńdà kọ́ wa nípa cerebral palsy

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì lè dá jókòó, àwọn ará ilé á ní kí ìyá rẹ̀ fọkàn balẹ̀, pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ ni. Bó bá pé ọdún kan ààbọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le gbagidi, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìbéèrè tí àwọn òbí sì máa ń bi mí nílé ìwòsàn ni pé, "Dókítà, ta ló ṣe ọmọ wa báyìí?"

Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó máa ń fa irú èyí ni cerebral palsy. Ọpọlọ ọmọ ló fara pa, yálà nínú oyún, lásìkò ìbí, tàbí láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ tó lò láyé. Ibi tó ń darí ọwọ́, ẹsẹ̀, ọrùn àti ẹnu ni ọgbẹ́ náà kàn. Kì í ran ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, bí ẹnu wọn ò tilẹ̀ lè fèsì.

Ohun tí wọ́n rí ní Ùgáńdà

Dókítà Angelina Kakooza-Mwesige, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Yunifásítì Makerere ní Kampala, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sweden, ṣe ìwádìí láàárín ìlú ní ìlà oòrùn Ùgáńdà. Àwọn ọmọ tó lé ní 31,000 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017: nínú 1,000 ọmọ, bíi mẹ́ta ló ní cerebral palsy.

Nǹkan méjì ló yẹ kó ká wa lára níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ náà ló jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ ni ọpọlọ wọn tó fara pa, àti pé ibà tó wọ ọpọlọ wà lára ohun tó fà á jù. Ìkejì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè kéré sí àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Bẹ́ẹ̀, cerebral palsy kì í lọ bí ọmọ bá ń dàgbà. Níbo wá ni àwọn tó ti dàgbà lọ?

Nígbà tí wọ́n padà lọ wo ọmọ 97 tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, 15 ti kú. Àìjẹunrekánú wà lára ohun tó dá kún ewu náà. Ohun tí a lè dènà ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ibà kọ́kọ́ ni. Kí ọmọ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da àgbo sí i lọ́fun, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́bàá iná. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí ìyeyè, oòrùn àárọ̀ nìkan ò tó. Dókítà ló yẹ kó rí i.

Ẹ tètè fura. Bí ọrùn ọmọ ò bá dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, bí kò bá lè jókòó ní oṣù mẹ́sàn-án, tàbí tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò kó tó pé ọdún kan, ẹ má dúró de ìgbà tó máa rìn. Ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì rọ̀ láti kọ́ nǹkan.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má ṣe rọ ọmọ tó ní cerebral palsy ní ìdùbúlẹ̀. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí orí rẹ̀ má tẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ṣíbí kékeré fún un ní oúnjẹ tó kì, díẹ̀díẹ̀.

Ìtọ́jú kò sì dúró sí ilé ìwòsàn. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Akwenda ní Ùgáńdà, àwọn òbí máa ń péjọ kọ́ bí wọ́n á ṣe tọ́jú ọmọ nílé, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ní ohun èlò tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jókòó, dúró àti rìn. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lè rí ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀yin ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ mú ohun kan tí ọmọ fẹ́ ṣe gan-an, bíi kó di ife mú, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣe é léraléra. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga tó bá ara rẹ̀ mu, bí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì bá ti wọn ọmọ náà.

Ẹ má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí yàrá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, nẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà, òun náà gbọ́dọ̀ gbà á.