Oògùn Apakòkòrò àti Àgbo Nínú Ìtọ́jú Ajá: Kí Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú?

Ìfáárà
Ajá kì í ṣe àlejò láwùjọ Yorùbá. Ọdẹ ń mú un lọ sígbó, onílé ń fi í ṣọ́lé. Nígbà tí àìsàn bá kọlù ú, ohun méjì ni ó sábà máa ń wá sọ́kàn olówó rẹ̀: oògùn apakòkòrò tí à ń rà, tàbí ewé àti egbò tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí a tó yan èyíkéyìí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fa àìsàn náà.

Ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ 'kòkòrò'
Ní èdè Yorùbá, 'kòkòrò' ni a ń pe aràn, bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ 'oògùn apakòkòrò' lè rò pé gbogbo wọn ni ó ń pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bakitéríà ni penisílíìnì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní ọdún 1928, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá jà. Wọn kò lè pa fáírọ́ọ̀sì rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo àrùn parvovirus, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ajá káàkiri àgbáyé ní nǹkan bí ọdún 1978. Ọmọ ajá tí ó bá ní in yóò máa bì, yóò sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí dókítà ẹran bá fún un ní oògùn apakòkòrò, kì í ṣe láti pa fáírọ́ọ̀sì náà, bí kò ṣe láti dènà bakitéríà tí ó lè gba ara ìfun tí ó ti bó wọnú ẹ̀jẹ̀. Omi tí a ń fà sí i lára gan-an ni òpómúléró ìtọ́jú náà. Àgbo tí a bá fi tipá rọ sí i lẹ́nu lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ti àrùn tí eégbọn ń kó ran ajá yàtọ̀. Bakitéríà tí a ń pè ní Ehrlichia canis ń fa ibà àti ẹ̀jẹ̀ imú. Doxycycline ni oògùn rẹ̀, ọjọ́ 28 ni a sì sábà máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n eégbọn náà lè gbé Babesia wọlé, èyí tí kì í ṣe bakitéríà; oògùn mìíràn ni ó ń béèrè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ipò ewé àti egbò
A kò sọ pé ohun ìbílẹ̀ kò wúlò. Oyin ṣeé fi sí ọgbẹ́ kékeré tí a ti fi omi iyọ̀ fọ̀: ṣúgà inú rẹ̀ ń fa omi kúrò lára bakitéríà, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá jìn, tí ó ń ṣọyún, tí ara ajá sì gbóná, ó ti kọjá agbára oyin. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dára fún ènìyàn ni ó dára fún ajá. Àlùbọ́sà àti àáyù, tí a ń lò nínú àgbo wa, máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ní ti digbòlugi, bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ajá, kò sí oògùn apakòkòrò tàbí àgbo tí ó lè wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú ni ààbò. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ewu àṣìlò
Nígbà tí Fleming gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, ó kìlọ̀ pé oògùn tí kò tó ìwọ̀n lè kọ́ bakitéríà bí yóò ṣe dúró tì í. Bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ lè ti ara ajá ran àwọn ará ilé. Nítorí náà, kápúsù tí ó ṣẹ́kù nínú ilé kì í ṣe ohun tí à ń dá fún ajá lò.

Ìgúnlẹ̀
Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá wà níhìn-ín. Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà lórí ìlera, kí a má ṣe fi 'kòkòrò' nìkan tẹ́ ara wa lọ́rùn. Kí a fi yé wọn pé bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì àti aràn yàtọ̀ síra. Bí a kò bá pààlà sáàárín wọn, oògùn tí ó dára yóò máa bọ́ sórí àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú. Oògùn tàbí ewé ni yóò tẹ̀lé e.