Nígbà Tí Ọ̀fìnkìn Bá Wọ Inú Egungun Ojú

Ọ̀rọ̀ imú ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bóyá ẹlòmíràn nínú yín yóò rẹ́rìn-ín pé kí ni ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ imú tí a fi ń pe ènìyàn jọ sí ìdí rédíò. Ẹ dúró ná. Ta ni nínú wa tí ọ̀fìnkìn kò mú rí? Ta ni kò sì mọ ẹnì kan tí ó jẹ́ pé, bí ọ̀fìnkìn bá ti mú un, yóò di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí iwájú orí yóò máa fọ́ ọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa dùn ún, tí kò ní lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti tẹrí ba, ńṣe ni ó ń ṣe é bí ẹni pé ojú rẹ̀ fẹ́ já bọ́? Àwọn kan á ní túúlu ni. Àwọn kan á ní ibà ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Inú egungun ojú ni ọ̀fìnkìn náà wọ̀ sí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí orí wa ṣe rí nínú. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ìka kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ní ẹ̀gbẹ́ imú, lábẹ́ ojú. Ẹ tún fi kan egungun iwájú orí, díẹ̀ lókè ojú. Ẹ ó rò pé egungun náà ki, pé kò ní ihò nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò ń bẹ nínú wọn, afẹ́fẹ́ ni ó sì kún inú ihò náà. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì. Ọ̀kan wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun ni ó tóbi jù. Èkejì wà ní iwájú orí. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀wọ́ ihò kéékèèké tí ó rí bí afárá oyin, láàárín ojú àti imú. Ẹ̀kẹrin wà ní ẹ̀yìn pátápátá, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Sáínọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ọmọ tuntun kò tíì ní ti iwájú orí. Ó máa ń di bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó hàn dáadáa.

Ẹ fi àwọn ihò yìí wé àwọn iyàrá inú agbo ilé kan, tí ìlẹ̀kùn gbogbo wọn ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Imú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àwọn ìlẹ̀kùn náà kéré púpọ̀. Òmíràn kò ju orí igi ìṣáná lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tutù ni ó bo ògiri àwọn iyàrá náà. Awọ yìí a máa sun omi tí ó ń yọ̀, irun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí a sì máa gbá omi náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí ń gbá ìdọ̀tí ilé jáde láràárọ̀. Eruku àti kòkòrò tí a bá fà símú a lẹ̀ mọ́ omi yìí, a sì bá a jáde. Níwọ̀n ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, tí ìgbálẹ̀ sì ń lọ, àlàáfíà ni.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá mú ni, awọ inú imú a wú, ẹnu ọ̀nà kékeré wọ̀nyí a sì dí. Omi tí ó yẹ kí ó jáde a há sínú. Afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, àwọn irun tí ń gbálẹ̀ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ojú fi ń wúwo, tí ó sì ń dùn bí ẹni pé nǹkan ń tì í láti inú wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi tí kò bá ní ibi tí yóò ṣàn gbà kì í pẹ́ rùn. Bí omi náà bá pẹ́ níbẹ̀, kòkòrò tí a ń pè ní bakitéríà a rí ibùgbé, omi a sì di ọyún.

Kì í ṣe ọ̀fìnkìn nìkan ni ó ń dí ọ̀nà yìí. Eruku ìgbà ọ̀yẹ́ a máa dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ ni èéfín igi ìdáná àti èéfín sìgá. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba eruku, tí wọn a máa sín láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àwọn kan ní egungun àárín imú tí ó wọ́, àwọn mìíràn sì ní ẹran tí ó hù nínú imú.

Eyín pàápàá ń bẹ lára wọn. Gbòǹgbò àwọn èrìgì òkè sún mọ́ iyàrá ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an. Ní ọdún 1651, dókítà ará Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Nathaniel Highmore kọ ìwé nípa iyàrá yìí, ó sì sọ ìtàn obìnrin kan tí a yọ eyín fún. Obìnrin náà ti ìyẹ́ ẹyẹ bọ ihò eyín náà, ìyẹ́ náà sì wọlé lọ gbọọrọ. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ó ti dé ọpọlọ. Inú iyàrá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó dé. Nítorí náà, ẹni tí apá kan ojú rẹ̀ ń dùn, tí ọyún tí ń rùn sì ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ kí oníṣègùn eyín wò ó pẹ̀lú.

Báwo ni a ó ṣe dá àìsàn náà mọ̀? Imú a dí, tàbí kí ikun tí ó ki máa jáde níbẹ̀. Ikun náà lè máa ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun, tí yóò sì máa mú ni wúkọ́ lóru. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, tàbí àárín ojú a máa dùn, a sì máa le sí i bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà lè má gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Eyín òkè lè máa dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì lè máa rùn. Ti ọmọdé máa ń yàtọ̀ díẹ̀: ikọ́ àti imú tí kò gbẹ ni a sábà máa ń rí, kì í ṣe orí fífọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú àìsàn yìí, kòkòrò ọ̀fìnkìn tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó fà á, ara fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀, láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10. Àwọ̀ ikun kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ikun a máa pọ́n bí ìyeyè tàbí kí ó dà bí àwọ̀ ewé nínú ọ̀fìnkìn lásán pẹ̀lú. Ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí a fura pé bakitéríà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni pé ó ti ju ọjọ́ 10 lọ, kò sì dín kù rárá. Èkejì ni pé ara gbóná tó 39 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ojú ń dùn gan-an, tí ọyún sì ń jáde ní imú, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra. Ẹ̀kẹta ni pé ara ẹni náà ti ń yá, tí àìsàn náà wá padà pẹ̀lú agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ó ti inú imú wá. Bí ara bá gbóná, tí orí ń fọ́, tí imú kò sì dí, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí orí bá ń fọ́ ní apá kan, tí ó ń lù kì kì kì, tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo sì ń dà ẹni náà láàmú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ túúlu. Ẹ̀yin ìyá ọmọ pẹ̀lú, bí ọmọ kékeré bá ń da ikun tí ń rùn ní ihò imú kan ṣoṣo, ẹ rántí pé ọmọdé a máa ki ẹ̀wà, hóró àgbàdo tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ imú. Ẹ má fi ìka tàbí igi wá a jáde, nítorí pé ẹ lè tì í wọlé sí i. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Wàyí o, kí ni a lè ṣe nílé kí ara lè tù wá? Ẹ máa mu omi dáadáa, kí ẹ sì sinmi. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè. Bí ìrora bá pọ̀, àgbàlagbà lè lo parasítámọ́ọ̀lù oníwọ̀n 500 mìlígíráàmù, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́fà sì kọjá kí ó tó tún lo òmíràn. Kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín ọ̀sán àti òru, nítorí pé àlòjù rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ti ọmọdé yàtọ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n ti tirẹ̀.

Omi iyọ̀ dára púpọ̀ fún fífọ imú. Ẹ mú omi tí ó kún ife kan, bíi 250 mìlílítà. Ẹ sè é títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù di lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bàsíà, ẹ fi ẹnu mí, kí ẹ sì fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra da omi náà sí ihò imú ti òkè. Yóò gba ihò kejì jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fọn imú. Ẹ má ṣe lo omi tí a kò sè, ìbáà jẹ́ omi ẹ̀rọ tí ó mọ́ lójú. Kòkòrò kan ń bẹ nínú omi bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn tí kì í ṣe ni ní nǹkan bí a bá mu ún, ṣùgbọ́n tí ó ń gba imú lọ sí ọpọlọ. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, nítorí pé omi ẹ̀rọ tí a kò sè ni wọ́n fi fọ imú.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oògùn mìíràn wà tí ó burú ju àìsàn lọ. Ẹ má da omi ewé tàbí aáṣà sí imú. Ẹ má ṣe da aṣọ bo ọmọdé lórí ìkòkò omi gbígbóná. Ọmọ tí omi gbígbóná bó lára kì í ṣe ohun kékeré. Oògùn tí a ń kán sí imú láti là á, ẹ má lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, imú yóò tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn kápúsù apakòkòrò tí a ń rà kiri. Ẹnì kan a ra mẹ́rin lọ́wọ́ akirità, a lo méjì, a fi méjì pamọ́ de ọ̀fìnkìn ọmọ. Apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì rárá. Bí ó bá sì jẹ́ bakitéríà ni, ìlò tí kò tó kò ní pa á tán. Èyí tí ó kù yóò mọ oògùn náà, kò sì ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Alexander Fleming, tí ó ṣàwárí pẹnisílìnì ní ọdún 1928, ti kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1945, nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel. Bí dókítà bá fún yín ní apakòkòrò, ẹ lò ó bí ó ti ní kí ẹ lò ó, kí ẹ má sì fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ há sórí. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ògiri tí ó wà láàárín àwọn iyàrá wọ̀nyí àti ojú kò nípọn, ọpọlọ pàápàá kò sì jìnnà. Bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe bá jí, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, tí ó pọ́n, tí ẹyin ojú rẹ̀ yọ síta, tàbí tí ó ń rí nǹkan kan ní méjì. Bí iwájú orí rẹ̀ bá wú. Bí ọrùn rẹ̀ bá gan. Bí orí fífọ́ rẹ̀ bá le kọjá àfaradà. Bí ó bá ń sọ̀sọkúsọ, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má kọ́kọ́ kán nǹkan sí i lójú. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Oògùn ń bẹ fún un bí a bá tètè dé, ṣùgbọ́n ìdádúró lè fọ́ ojú, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín kò le. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ẹ bá ń sín, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ bo imú àti ẹnu. Bí ẹ bá ń fọn imú, ẹ rọra fọn ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹ má fi agbára fọn méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má mu sìgá nínú ilé tí ọmọdé wà, ẹ sì jẹ́ kí èéfín ìdáná rí ọ̀nà jáde. Bí ọ̀yẹ́ bá dé, ẹ fi omi tútù nu ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kí eruku má baà gbilẹ̀.

Ara wa kò ní gba àìsàn o. Ó dìgbà kan ná.