Ẹni tí ó fi Ohùn Ẹlòmíràn Lu Jìbìtì: Kí ni Òfin Wí?

Bí fóònù ìyá oníṣòwò kan bá dún ní ọjà Sabon Gari, ní Zaria, tí ó sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó ń kàwé ní Samaru, tí ọmọ náà ń sunkún pé wọ́n ti òun mọ́lé, kí ìyá òun tètè fi owó ránṣẹ́, kí ni ìyá náà yóò ṣe? Bí owó èsúsú ẹgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè mú un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wà nínú kíláàsì, kò pe ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n fi sín ohùn rẹ̀ jẹ, láti inú fídíò kékeré tí ó gbé sórí Facebook.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ní Nàìjíríà jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Òfin ọdún 2015 kò dárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ṣùgbọ́n ìwà ni ó ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe irinṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí abala 22 ti wí, ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn, alààyè tàbí òkú, láti gba ohun ìní, lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 5 lọ, tàbí kí ó san ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń yá oníjìbìtì ní àkáǹtì báńkì wọn kò bọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Abala 27 fi ìyà kan náà jẹ ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ àti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni òfin ń dé, owó sì lè fò lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọn yóò fi dá ara wọn mọ̀. Bí ìpè bá ń kánjú, kí a pa á, kí a sì fi nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe onítọ̀hún padà. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí owó jáde lórí ìpè fóònù nìkan; ó kéré tán, kí olóyè méjì fọwọ́ sí i.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí a pe báńkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a má ṣe pa nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, kí a sì fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí àjọ EFCC, tí ó ní ọ́fíìsì ní Kàdúná. Ìtìjú kò yẹ kí ó pa ẹnu ẹni mọ́: ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì kọ́ ni ọ̀daràn.