Lẹ́yìn ìkójáde ìwé ńkọ́? Ìdí tó fi yẹ kí òǹkọ̀wé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ojú òpó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí wọ́n bá ń kó ìwé jáde nílùú Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìfọ́n, ẹni tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò rò pé iṣẹ́ ìwé kíkọ ti dowó ńlá. Gbọ̀ngàn á kún, àwọn olóyè á jókòó síwájú, alága ọjọ́ náà á na ìwé sókè, á ní òun ra ẹ̀dà àkọ́kọ́ lówó tó tó gbà sọ́kọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí á tẹ̀ lé e, onílù á máa lu ìlù tirẹ̀. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ sílé òǹkọ̀wé yẹn lẹ́yìn ọdún kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, páálí ìwé lẹ máa bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku á ti bò ó, ikán á sì ti máa yọjú síbi kan. Kì í ṣe pé ìwé ọ̀hún kò dáa. Ọmọ ìlú tó fẹ́ rà á wà l'Ékòó, l'Ábùjá, ní London tàbí ní Houston, kò sì mọ ibi tí yóò ti rí i. Owó tí wọ́n rí lọ́jọ́ ìkójáde, owó ẹbí àti owó ọ̀rẹ́ ni. Owó oníbàárà ṣì wà níta, kò tíì wọlé.

Àwọn tó ń kọ̀wé lágbègbè wa yìí kò kéré. Olùkọ́ wà ní Rufus Giwa Polytechnic àti ní Yunifásítì Achievers, tí wọ́n ń kọ ìwé iṣẹ́ wọn. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà, tí wọ́n ń kọ ìtàn Ìpelè, Èmùré-Ilé, Ìdó-Àní tàbí Ìfọ́n kí ó má baà parẹ́. Pásítọ̀ àti àlùfáà ń kọ ìwé àdúrà. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé owó àpò ara wọn ni wọ́n fi san owó ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ti fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, oníṣòwò ni, bó fẹ́ bó kọ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1951 ni ìwé ìtàn Ọ̀wọ̀ tí M. B. Ashara kọ ti jáde, àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé téèyàn máa kàn dé ṣọ́ọ̀bù kó rí rà. Ẹ wá fi í wé ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amherst College nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá jáde ní 2014 láti ọ̀dọ̀ Cambridge University Press. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá àti ilé ìtẹ̀wé ńlá ló gbé orúkọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Tíṣà tó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ n'Ídòó-Àní kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ilé àyágbé ni Facebook

Àwọn kan á sọ pé, “Mo ti wà lórí Facebook, mo ní gúrúùpù WhatsApp, kí ni mo tún ń wá?” Ó dáa, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ilé àyágbé ni. Ìgbà tó bá wu onílé ló lè ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tójú wa ti rí. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 2021, wọ́n dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 2022, ni wọ́n tó ṣí i padà. Ó lé ní oṣù méje. Láàárín àsìkò yẹn kan náà, lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó ní ọjà láti tà lọ́jọ́ náà kàn ń wo fóònù ni.

Èyí tó kan àwọn òǹkọ̀wé jù ni ti OkadaBooks. Okechukwu Ofili, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ló dá a sílẹ̀ ní 2013, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà lè máa ta ìwé wọn, kí wọ́n sì máa kà á lórí fóònù. Ó ṣe wọ́n láǹfààní gan-an. Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá, ọdún 2023, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ kógbá sílé, nígbà tí oṣù náà sì parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ń tà sí, tí kò sì mọ orúkọ tàbí nọ́ńbà àwọn tó ń ra ìwé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ òwò látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tá a fi ní kẹ́ ẹ ní ilẹ̀ tiyín.

Ìṣirò rẹ̀ rèé

Ká ní ₦1,800 ni ẹ̀dà ìwé kan gbà yín láti tẹ̀, ẹ sì fẹ́ tà á ní ₦3,000. Bí ṣọ́ọ̀bù ìwé bá ní òun yóò mú ogójì náírà nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1,800 ló máa dé ọwọ́ yín. Ẹ ò jèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá rà á tààrà lọ́wọ́ yín, tó fúnra rẹ̀ san owó ìfiránṣẹ́, tá a sì yọ ₦150 fún iléeṣẹ́ tó bá yín gba owó, ₦1,050 ni èrè yín. Bí gbogbo ìnáwó ojú òpó yín lọ́dún kan bá jẹ́ ₦60,000, ìwé 58 péré tẹ́ ẹ bá tà ti san án tán. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o, ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò wọn. A ò sì ní kẹ́ ẹ bá ṣọ́ọ̀bù ìwé jà, ẹ kàn má fi gbogbo ẹyin yín sínú apẹ̀rẹ̀ tiwọn nìkan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ohun mẹ́ta ló ń gba owó: orúkọ àdírẹ́ẹ̀sì, ibi tí ojú òpó náà máa gbé, àti ẹni tó máa bá yín kọ́ ọ. Ọdọọdún lẹ máa ń san owó méjì àkọ́kọ́, bí ẹni ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Àdírẹ́ẹ̀sì lè parí sí .com, ó sì lè parí sí .com.ng. NiRA ló ń bójú tó gbogbo èyí tó bá parí sí .ng, àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ lẹ sì ti máa rà á. Orúkọ ara yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kì í ṣe orúkọ ìwé, torí bí ìwé kejì bá dé, ẹ ò ní í tún ilé kọ́.

Ní ti kíkọ́ rẹ̀, WordPress wà látọdún 2003, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò wọ́n láyìíká polí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tá a fẹ́ sọ yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ń bá yín ṣe é ra àdírẹ́ẹ̀sì náà lórúkọ tirẹ̀. Orúkọ yín, ímeèlì yín àti nọ́ńbà fóònù yín ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ bá wà lórúkọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀. Bí ọmọ náà bá lọ sìnrú ìlú tàbí tí ẹ bá jà, ojú òpó yín lè bá a lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún tó ń bọ̀ yẹ ní sísan sórí kàlẹ́ńdà, torí àdírẹ́ẹ̀sì téèyàn kò bá san owó rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn lè rà á.

Ẹ má kó nǹkan rẹpẹtẹ síbẹ̀. Àwòrán iwájú ìwé, iye owó rẹ̀, iye ojú ewé, nọ́ńbà ISBN tẹ́ ẹ gbà lọ́dọ̀ National Library of Nigeria, orí kan tí àlejò lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn yín ní ṣókí, bí wọ́n ṣe máa sanwó àti iye ọjọ́ tí ìwé á fi dé. Ẹ jẹ́ kí àwòrán kéré, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn á fi wò ó, dátà sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ará Ọ̀wọ̀. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń wá nǹkan lórí Google, wọn kì í fi àmì ohùn sí i. Bí ẹnì kan bá tẹ “Owo” lásán, ẹ̀rọ lè rò pé owó ìnáwó tàbí ọwọ́ ara ló ń wá. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti orúkọ yín lọ́nà méjèèjì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kẹ́ ẹ sì kọ “Owo, Ondo State” síbẹ̀ kó yé ẹ̀rọ.

Ní ti owó, ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì fún àwọn tó fẹ́ ṣe tiransífà. Fún àwọn tó fẹ́ lo káàdì, Paystack tàbí Flutterwave lè bá yín gbà á. Ẹni tó bá ní ìwé orí fóònù lè fi sórí Selar, kó sì darí àwọn èèyàn síbẹ̀ láti ojú òpó tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹ lè fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ láti páàkì tàbí iléeṣẹ́ agbérù. Kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó bá ra ìwé sílẹ̀, bí wọ́n bá fún yín láyè, torí àwọn ni ìwé kejì máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má fi nọ́ńbà wọn ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, òfin tó ń dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2023.

Kò ní í polówó ara rẹ̀

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ojú òpó tẹ́ ẹ kọ́ tẹ́ ò sọ fẹ́nì kankan, ṣọ́ọ̀bù inú igbó ni. Ibí ni Facebook àti WhatsApp ti wúlò: àwọn ni agogo tẹ́ ẹ máa fi pe èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà sẹ́yìn ìwé. Ẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun. Bí ẹnì kan bá sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rà, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní í lè ṣe èyí, kó má tíì nawó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ lórí ìwé nìkan. Aránṣọ, oníṣẹ́ ọnà àti ẹni tó ń ta gàrí ní páálí láti Ìfọ́n lè fi ìmọ̀ràn kan náà ṣọgbọ́n. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló kàn jù, torí ìwé kì í bà jẹ́ bíi tòmátì. Ẹni tó bá wá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ṣì máa sanwó, bó bá ti rí ibi tó ti máa rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń múra ìkójáde ìwé lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì ìpè ni kẹ́ ẹ ra àdírẹ́ẹ̀sì yín, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì náà. Gbogbo ẹni tí kò bá lè wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà á ti mọ ibi tí ìwé wà.