Káàdì Iná Ń Jẹ Owó Ọjà: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tó Ń Jẹ Ẹ́

  

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Iná mànàmáná ni o, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní iná NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2013 ni ìjọba ti ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé, tí ẹnì kan bá ní òun ò lè dá àjọ mọ́, tí a bá bi í pé kí ló dé, á ní, “Káàdì iná ni.” Owó tó yẹ ká fi kún ọjà la ń kó sínú mítà.

Ẹ rántí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà, ó ti wá sí ₦209.50. Band A ni àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Band B jẹ́ wákàtí 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Owó wọn ò dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí àdúgbò rẹ̀ wà, kó lọ béèrè. Nínú ìwé yìí, ₦200 la ó fi ṣírò, kó lè rọrùn fún gbogbo wa.

KÍ NI YÚNÌTÌ?

Ẹ wò ó bíi kóńgò gààrí. Kóńgò kan ni yúnìtì kan. Nǹkan tó bá ní 1,000 wáàtì, wákàtí kan ni yóò fi jẹ kóńgò kan tán. Èyí tó ní 100 wáàtì, wákàtí mẹ́wàá ni yóò fi jẹ ẹ́. Wáàtì yìí máa ń wà lára ohun èlò, lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀. Ẹ fi wáàtì yẹn ṣe ìlọ́po wákàtí tí ẹ fi lò ó, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Ohun tó bá kù ni yúnìtì tó jẹ. Ẹni tó bá lè ṣírò èrè orí àpò ìrẹsì, kò sí bí kò ṣe ní lè ṣe èyí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLÉ TIWA

Àwa tí à ń kọ ìwé yìí náà ti jìyà rẹ̀. A ra káàdì ₦5,000, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi tán. Ni a bá gbé ìjà ko àwọn ọmọ, pé fóònù tí wọ́n ń ṣájì tọ̀sán-tòru ló ń jẹ iná. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.” Ó mú bírò. Ṣájà fóònù jẹ́ bíi 10 wáàtì. Wákàtí mẹ́ta, ó di ₦6. Fóònù mẹ́rin, ₦24.

Ó wá ṣírò boiling ring tí a fi ń gbé omi ìwẹ̀ gbóná, 1,000 wáàtì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ń gbà tó ààbọ̀ wákàtí. Èèyàn mẹ́rin nínú ilé, wákàtí méjì. Yúnìtì méjì, ₦400 lójúmọ́. Tí oṣù bá fi parí, ₦12,000! Ojú tì wá. Ẹni tó ń jẹ iṣu wa la fi sílẹ̀, tí a ń lé eku kiri.

ÀWỌN TÓ Ń JẸUN JÙ

Ohunkóhun tó bá ń mú ooru jáde ni ẹ kọ́kọ́ fura sí: boiling ring, kẹ́túlù, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná. Ẹ gbé omi sínú oòrùn láti ọ̀sán, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ, ẹ kó o jọ kí ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, owó ni. Nígbà tó bá ku aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tàbí méjì, ẹ pa á, ooru tó kù á tó o.

Gílóòbù pupa àtijọ́ ńkọ́? Ọ̀kan jẹ́ 60 wáàtì. Márùn-ún tó tàn fún wákàtí mẹ́wàá, yúnìtì mẹ́ta ni, ₦600 lójúmọ́, ₦18,000 lóṣù. LED tó jẹ́ 9 wáàtì, márùn-ún náà, wákàtí mẹ́wàá náà, ₦90 lójúmọ́, ₦2,700 lóṣù. Òun wọ́n díẹ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi máa san owó ara rẹ̀ padà.

Ẹ̀YIN TÓ NÍ FÍRÍÌSÀ

Èyí kan ẹ̀yin ẹlẹ́ja dídì àti oní-pure water jù. Ẹ fi owó bébà kan sí ẹnu ìlẹ̀kùn fíríìsà, kí ẹ pa á dé, kí ẹ wá fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú nìyẹn, òtútù ń jáde, mọ́tò rẹ̀ ò ní sinmi. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Ẹ má gbé e mọ́ ògiri gbágbá, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ẹ má gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀. Tí yìnyín bá ti ki lára ògiri rẹ̀, ẹ yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Tí ọjà inú rẹ̀ bá kéré, ẹ fi ike omi kún un. Fíríìsà tó kún, tí a ò ṣí, lè pa ẹja mọ́ fún bí ọjọ́ méjì tí wọ́n bá mú iná lọ.

BÍ MÍTÀ BÁ Ń SÁRÉ

Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, ẹ yọ wọn kúrò lára ògiri, kí ẹ lọ wo mítà. Tí iná pupa kékeré yẹn bá ṣì ń ṣẹ́jú kíákíá, wáyà ti bàjẹ́ níbì kan ni, tàbí ẹnì kan ń fa iná lára tiyín. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mítà kan pọ̀ nínú ilé olójúlé, ẹ má fi iye yàrá pín owó mọ́. Ẹ ṣírò ohun tí kálukú ń lò, ìjà á dínkù.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kó má gbà kí wọ́n bá òun fo mítà o. Òfin lòdì sí i, ó sì lè dá iná sílé. Owó tí a ń sá fún, ṣé ó tó ẹ̀mí ọmọ ẹni?

Ní ìparí, ẹ ní ìwé kékeré kan bíi ìwé àjọ. Lárààárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mítà sí i, kí ẹ sì kọ wákàtí tí iná fi wà. Ẹ ó mọ ọjọ́ tí ẹ ná jù, ẹ ó sì rí nǹkan mú lọ sí ọ́fíìsì wọn tí wọ́n bá ń gba owó wákàtí 20, tí wọ́n ń fún yín ní mẹ́jọ. A ò kì í tajà láìka owó. Ẹ má jẹ́ ká ra iná láìka yúnìtì.

Olúwa á bùkún ọjà wa o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́