Nígbà tí Ọkọ̀ Òfurufú Kọ̀ tí Kò Gbé Wa Lọ sí Mẹ́kà

Ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Ojúwoyè, ni ó ti bi mí léèrè pé kí ni ènìyàn yóò ṣe bí ó bá ti ṣe ìdágbére tán, tí ó ti gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n wá sọ fún un pé kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e mọ́. N kò lè dáhùn láì sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí, àti àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀.

Ní ọdún 2020, nínú oṣù Ràjábù, àwa 31 ni a kó ara wa jọ láti Múṣin láti lọ ṣe Úmúrà. Èmi ni aṣíwájú wọn. Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ 27 oṣù kejì, ni ọkọ̀ wa yóò gbéra ní Ikẹjà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ṣe wàásí ìdágbére, a jẹ sàárà, àwọn ọmọ ilé kéú kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn aládùúgbò ti ń pe àwọn obìnrin inú wa ní Àlàájà kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Sáúdí. Úmúrà kì í ṣe Hájì, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ará Múṣin jiyàn lórí oyè?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjọba Sáúdí ti kéde pé àwọn dá gbogbo ẹni tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ wá ṣe Úmúrà dúró, nítorí àrùn kòrónà. Àwa kò mọ̀. A kírun Àsùbáà, a wọ bọ́ọ̀sì méjì, a gba òpópó Agége Mọ́tò lọ. A ti dé Òṣòdì kí ọmọ ọ̀kan nínú wa tó pe bàbá rẹ̀ lórí tẹlifóònù pé òun gbọ́ nǹkan kan lórí rédíò. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé kí ó má da omi tútù sí wa lọ́kàn. Ìgbà tí a dé iwájú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni a tó rí i pé òótọ́ ni ọmọ sọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí físà Úmúrà bá wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò lè wọ ọkọ̀. Ohùn wọn kò le, wọn kò sì bú wa, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìdáhùn kankan fún wa lórí ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí.

Ibí yìí ni àṣìṣe mi wà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́, mo ti sọ fún wọn pé aṣọ funfun kì í ṣe ìhúrámù. Àníyàn ni ìhúrámù. Ènìyàn lè fi aṣọ náà sínú àpò, ó sì lè wọ̀ ọ́ láti ilé pàápàá nítorí kí ó má baà ṣe wàhálà nínú ọkọ̀, kò di nǹkan kan, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì dá àníyàn, tí kò sì tíì ké Lábáíkà. Nínú mádíhábù Ìmáàmù Màlíkì tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa, a kórìíra kí ènìyàn wọ inú ìhúrámù kí ó tó dé mìkáàtì. Mìkáàtì àwa ará ìhà ìwọ̀-oòrùn ni Júhúfà, tí àwọn ènìyàn ń lo ìlú Rábígì dípò rẹ̀ lóde òní. Inú òfurufú ni a ó sì wà nígbà tí a bá dé ìdọ́gba rẹ̀. Mo ti sọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì ti ń lọ, mo gbọ́ tí àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í ké Lábáíkà, tí omi ń bọ́ lójú wọn. Ó yẹ kí n dá wọn dúró, kí n béèrè pé ṣé wọ́n ti dá àníyàn ni. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn wọn dùn létí mi, mo sì dákẹ́.

Àṣé wọ́n ti dá àníyàn láti ilé. Nígbà tí ọkọ̀ kọ̀, àwọn 28 yòókù lè lọ sílé kí wọ́n fi lọ́fínńdà para, kí wọ́n gé èékánná, kí wọ́n bá aya wọn sùn. Àwọn mẹ́ta yìí kò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ojúwoyè, tí ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án dá àjọ nítorí ìrìn-àjò yìí. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó ní, "Àlfáà, ṣé Ọlọ́hun kò pè mí ni?"

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Àwa àlfáà ni a máa ń sọ lórí wàásí pé ẹni tí Ọlọ́hun bá pè ni ń dé Mẹ́kà. Ọ̀rọ̀ náà dára nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ ńkọ́? Àwọn ará àdúgbò yóò gbé ọ̀rọ̀ wa náà, wọn yóò fi na ẹni tí kò lè lọ. Wọn a ní owó rẹ̀ kò mọ́, wọn a ní ó jẹ gbèsè ẹnì kan. Mo gbọ́ méjèèjì nípa ìyá yìí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n dá padà ṣáájú yín." Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ẹrù, mo sọ ìtàn Hùdáíbíyà fún gbogbo wọn. Ní ọdún kẹfà Híjírà, Ànábì Mùhámádù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, jáde ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú nǹkan bí 1,400 sàhábà láti lọ ṣe Úmúrà. Wọ́n ti wọ ìhúrámù, wọ́n ti kó ràkúnmí tí wọn yóò dú lọ́wọ́. Wọ́n sún mọ́ Mẹ́kà tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé. Àwọn Kùráíṣì ní wọn kò gbọdọ̀ wọlé lọ́dún náà. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn pé kí wọ́n padà, kí wọ́n sì wá ní ọdún tí ń bọ̀. Ó dun àwọn sàhábà wọnú egungun. Ùmárù pàápàá lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ànábì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Nígbà tí Ànábì ní kí wọ́n dìde kí wọ́n dú ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí, kò sí ẹni tí ó dìde. Ìyàwó rẹ̀, Ùmù Sàlámà, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó dú ẹran tirẹ̀, kí ó sì pe ẹni tí yóò fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ni gbogbo wọn bá dìde. Ní ọdún kejì wọ́n padà lọ, wọ́n sì ṣe Úmúrà náà.

Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Wọ́n dá Ànábì padà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un sọ.

Súrà Bákárà, áyà 196, ni òfin náà wà: ẹni tí a bá ká mọ́ ọ̀nà yóò fi ẹran tí ó bá rọrùn fún un rúbọ. Àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ àwọn ti Màlíkì, ẹran kò di dandan fún ẹni tí a ká mọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá mú un lọ́wọ́ wá. Lọ́dọ̀ àwọn mádíhábù mẹ́ta yòókù, dandan ni. Olùkọ́ mi àgbà ní kí a gba ọ̀nà tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Àgbò mẹ́ta ni a rà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Èmi ni mo san owó rẹ̀, nítorí èmi ni mo dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọkùnrin méjì fá orí, ìyá gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀, wọ́n sì bọ́ kúrò nínú ìhúrámù.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ nípa ọ̀nà, ó wà nínú hádíìsì pé Ànábì sọ fún Dùbáà, ọmọ Sùbéírì, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, pé kí ó sọ ọ́ nígbà tí ó bá ń dá àníyàn pé ibi tí Ọlọ́hun bá ti dá òun dúró ni òun yóò ti tú ìhúrámù. Ìmáàmù Ṣáfíì àti Ìmáàmù Ámádù gba èyí mú. Láti ọdún náà ni mo ti ń kọ́ àwọn tí mo bá kó lọ.

Ohun kékeré kan tún dé nígbà tí a wà níbẹ̀. Àkókò Àílà tó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fẹ́ kí ráká méjì nítorí pé arìnrìn-àjò ni òun. Ará Múṣin tí ó jókòó ní Ikẹjà kò tíì rin ìrìn-àjò kankan. Ilé so mọ́ ilé láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ráká mẹ́rin ni a kí.

Ìyá kò fẹ́ wọ àdúgbò lójú ọ̀sán. A dúró títí di ẹ̀yìn Ìṣáì kí bọ́ọ̀sì tó gbé e délé, ọmọ rẹ̀ sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé ẹrù rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ayé gbọ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kòrónà ní Nàìjíríà ti wà láàárín wa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà, ní Múṣin wa níhìn-ín, ni wọ́n ti yẹ àyẹ̀wò náà wò, Yábàá ni wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn tí ó ti ń fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ panu mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mọ́ṣáláṣí àwa náà wà ní títì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé owó. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wa láti ṣe ètò ìrìn-àjò náà kọ́kọ́ ní kí a fi sílẹ̀, pé ọ̀nà yóò ṣí láìpẹ́. Kò ṣí. Hájì ọdún 2020, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ti wà ní Sáúdí ni ó ṣe é. Ti ọdún 2021, 60,000 ènìyàn láti inú Sáúdí náà ni. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà Hájì fún ará òkèèrè, wọ́n sì ní ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 kò gbọdọ̀ wá lọ́dún náà. Ní gbogbo àkókò yìí, owó náírà ń yọ́ bí òrí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, dọ́là kan kò tó ₦400. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 dáadáa, Àjọ Hájì ti Nàìjíríà sì fi nǹkan bí ₦1,900,000 lé owó Hájì ní oṣù kẹta ọdún náà, fún àwọn tí ó ti san owó tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà ní náírà, kí ó mọ̀ pé ìdajì ìrìn-àjò ni yóò gbà padà.

Àmáánà ni owó yẹn jẹ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Ohun tí ó bá ti ná ní tòótọ́, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ni ó lè yọ. Lára àwa 31, àwọn 12 péré ni ó gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí wọ́n san owó, àwọn wọ̀nyí ni a sì kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn yòókù ní ojú ń ti àwọn láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Àlàájì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta àpò ìrẹsì kan ní àwìn láì kọ orúkọ sínú ìwé! Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ni ó yẹ ọjọ́, òfin àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ wa fún èrò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn gbé e. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹnì kan péré sì máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìjọ. Nígbà tí ènìyàn 31 bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Àwọn bàbá wa tí ó fi ẹsẹ̀ lọ láti Kánò gba Màídúgùrì kọjá ilẹ̀ Ṣáàdì lọ sí Sùdáànì kò ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fagi lé. Bí oúnjẹ bá tán, wọn a dúró, wọn a dá oko ọdún kan, wọn a tún máa lọ. Àwọn kan kò dé; ọmọ ọmọ wọn wà ní Sùdáànì títí di òní. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí ẹnì kan bá ń bínú pé òun ti fi wákàtí mẹ́rin jókòó.

Ìyá gba owó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, èyí tí ó kẹ́yìn wọlé ní ọdún 2021. Kò tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìfowópamọ́. Ó fi ra ọ̀gbìnrìn èlùbọ́ láti Ṣakí, ó ń tà á, ó ń rà á, títí ó fi pé. Ní ọdún 2023, ṣáájú oṣù àwẹ̀, ó bá ìjọ mìíràn lọ, nítorí ara mi kò yá. Ó pè mí láti pápákọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà pé ọkọ̀ wọn ti pẹ́ wákàtí mẹ́fà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò gbéra. Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí, àwọn ti jẹun, àwọn ti kí ráká mẹ́rin.

Ó ní, "Àlfáà, n kò tíì dá àníyàn o. Aṣọ ṣì wà nínú àpò."