Bí Bẹ́líìtì Káfíńtà Ṣe Ń Pọ́n Àdá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ká kòkó lágbègbè Òrè àti Odigbó, ẹ mọ̀ pé ibi tí èso kan ti so lára igi ni òdòdó mìíràn tún ti máa ń yọ. Àdá tó mú á gé ọrùn èso, á fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó kú á ya èèpo igi mọ́ ọn.

Fáìlì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń pọ́n àdá. Ó dára, àmọ́ apá á ro ẹni. Káfíńtà kò wọ́n ní Òrè. Bí ti àdúgbò yín bá ní ẹ̀rọ tí Òyìnbó ń pè ní belt sander, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yá yín lò. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀rọ bẹ́líìtì.

Ẹ rántí bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta. Irú rẹ̀ nìyí, àfi pé sánpépà ni tibí, ó ń sá yípo lórí róólà méjì. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ bí iyanrìn rẹ̀ ṣe rí: bó ṣe ń pọ̀ sí i ni iyanrìn ń kúnná, bí ajọ̀ gàrí àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì. 80 ni ti àdá tó ti kán léyín, 120 ni ti èyí tó kàn kú. Ọ̀bẹ ìdáná ń fẹ́ 240 tàbí 400.

Kí ẹ tó tan án, ẹ de ẹ̀rọ náà mọ́ tábìlì kí bẹ́líìtì kọjú sókè. Ẹ yọ àpò tó ń gba lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò, ẹ sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Irin máa ń ta iná pàrà, lẹ́búlẹ́bú pákó sì ń gbiná kíá. Ẹ wọ awò ojú.

Bí ẹ ṣe dẹ àdá sórí bẹ́líìtì ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ ká igun ìwé kan sí méjì, ẹ tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i: ohun tó kù jẹ́ dígírì 22 àbọ̀. Ọ̀bẹ ìdáná á dùbúlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 15 sí 20. Àdá á dìde díẹ̀, bíi 25 sí 30, torí igi ló máa bá pàdé. Ọkọ́ ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni.

Kí bẹ́líìtì máa sá láti ẹ̀yìn àdá lọ sí ojú rẹ̀. Bó bá ń sá bọ̀ wá pàdé ojú àdá, àdá á ya bẹ́líìtì, ó sì lè fò lù yín.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìjà kọ́ là ń jà. Ẹ fà á láti èèkù dé ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan, ẹ rì í bọ omi, ẹ tún fà á. Irin tó gbóná jù á pọ́n bíi koríko gbígbẹ, á di búráùn, á wá di aró. Tó bá ti di aró, ooru rẹ̀ ti tó bíi 300 Celsius, líle tí wọ́n fi ṣe é sì ti lọ. Mo ti fi ìkánjú sọ ṣóńṣó àdá mi kan di aró rí. Kí n tó sán ìdí kòkó márùn-ún, ó ti kú. Láti ìgbà náà, ọwọ́ lásán ni mo fi ń mú un, kí n lè tètè mọ̀ bó bá ń gbóná.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kò pọ́n, láti ẹ̀yìn bọ̀ sí ojú, ẹ má fà á gba ojú rẹ̀ lọ gbọọrọ. Nǹkan kan á máa há yín lọ́wọ́ bí ìpẹ́ ẹja. Burr ni Òyìnbó ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní etí irin. Bó bá ti yọ láti èèkù dé ṣóńṣó, ẹ yí àdá padà. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì náà bá ti yọ tirẹ̀, ẹ fà á lórí awọ ìgbànú àtijọ́ bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ṣáájú.

Ẹ wá dán an wò lára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀. Bí ewé bá tẹ̀ tí kò gé, etí irin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sórí awọ.